Yíyan Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Nígbà Tí Owó Kò Pọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù ni ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí a lè fi ya àwòrán, tí a lè fi to fídíò ìgbéyàwó, tí a sì lè fi ta géèmù nígbà ìsinmi. Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá ṣì í yàn ti ná owó rẹ̀ dànù.

Àwa mẹ́ta dá owó jọ fún oṣù mẹ́jọ, a sì lọ ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. A yan Core i5-12400F, nítorí pé owó rẹ̀ dín sí ti i5-12400. Nígbà tí a tò ó tán tí a sì tan iná sí i, fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. A kò mọ̀ pé F túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí ń gbé àwòrán jáde nínú ọpọlọ náà, àfi kí a tún ra graphics card. Owó wa kò sì ká a. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó sọ làálàá wa di àpótí lásán.

Nítorí náà, èkínní, ẹ ka lẹ́tà ìparí. Ryzen 5 5600G, tí AMD gbé jáde ní 2021, ní ohun tí ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀. G ni àmì rẹ̀. Ó tó fún géèmù tí kò wúwo.

Èkejì, ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Core dà bí òṣìṣẹ́ inú ọpọlọ. Títo fídíò ń fẹ́ òṣìṣẹ́ púpọ̀. Géèmù ń fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yára, kí agbára àwòrán sì tó. Core 6, irú èyí tí 5600G ní, jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ná gbogbo owó sórí ọpọlọ. 5600G a máa yá lára RAM láti fi gbé àwòrán. Nítorí náà RAM 8GB méjì sàn ju 16GB kan ṣoṣo lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni yóò máa gbà. Ẹ fi owó SSD sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ńlá tàn yín. Core i7-6700 ti 2015 àti i3-12100 ti 2022 ní core 4 bákan náà, síbẹ̀ i3 yìí ni ó yára jù. Microsoft kò tilẹ̀ ka i7 náà mọ́ àwọn tí Windows 11 gbà, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 sì parí ní October 2025.

A kò wí pé kí a kórìíra ohun tí ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ìbá dànù, ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe dòdò Ìkirè tí àwọn èrò ọ̀nà ń wá rà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tí ó pọ́n jù yàtọ̀ sí èyí tí ó ti rà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà mọ̀ ọ́n kí a tó tú àpò.