Fáàjì ojú omi lówó pọ́ọ́kú: Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbá àti Òkòkòmáíkò, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ o!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe láti Ọ̀jọ́ títí dé Òkòkòmáíkò gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá rí ọkọ̀ ojú omi ńlá tàwọn òyìnbó nínú tẹlifíṣàn, tí yàrá àti ilé oúnjẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n á mirí, wọ́n á ní fáàjì olówó nìyẹn. Wọ́n á gbàgbé pé ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìnkùlé tàwọn náà.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti òyìnbó. Iye tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sínú ìpolówó ọkọ̀ yẹn, owó ẹnì kan ni, ìyẹn tí èèyàn méjì bá jọ sun yàrá kan. Ẹni tó bá dá lọ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ san ti ẹni méjì. Owó ọtí àti owó tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì sábà máa ń wà lọ́tọ̀. Tó bá kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra, tí yàrá ṣì ṣófo, wọ́n lè já owó wálẹ̀, nítorí yàrá tí ò bá rẹ́ni wọ̀ ọ́ lónìí, kò ṣe é tà lọ́la. Àmọ́ ará Èkó tó ṣì máa gba físà, ẹ̀dínwó ọjọ́ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Kó tó rí físà gbà, ọkọ̀ ti lọ.

Bọ́rọ̀ ṣe rí níbi tiwa náà nìyẹn o. Láti Ìyànà Ìbá, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ gba Marina lọ. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1845. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti ń gbé èèyàn sọdá sí erékùṣù Gbẹrẹfu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun láyé ọjọ́un, tí ẹni bá débẹ̀ ò ní padà wálé mọ́.

Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ bi awakọ̀: ṣé owó orí ni àbí owó odindi ọkọ̀? Ṣé àlọ nìkan ni, àbí tàlọ-tàbọ̀? Ṣé owó amọ̀nà wà níbẹ̀? Ẹni tí ò bá béèrè, ìgbà tó bá fẹ́ẹ́ padà ló máa tó mọ̀ pé òun ò náwó tán, àbí ta ló fẹ́ẹ́ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀?

Ká sọ pé ₦20,000 ni odindi ọkọ̀ kan. Tọkọtaya tó wá láti ẹ́sítéètì Ìbá, tó dá gbà á, ₦10,000 ni kálukú wọn máa san. Tí wọ́n bá kó ara wọn jọ di mẹ́wàá, tí ọkọ̀ náà sì jẹ́ èyí tó ń gba ẹni mẹ́wàá, ₦2,000 péré ni. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Iléyá àti Kérésì. Àárín ọ̀sẹ̀ tí ìjókòó ń ṣófo ni kẹ́ ẹ lọ, ìgbà yẹn ni dúnàádúrà máa ń wọlé.

Ṣùgbọ́n o, ọ̀pọ̀ kan wà tó jẹ́ ikú. Ní ọjọ́ 8, oṣù keje, ọdún 2022, ọkọ̀ kan gbéra ní Mile 2 lálẹ́, ó ń lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìn àjò alẹ́ lójú omi léèwọ̀ l'Ékòó. Ọkọ̀ náà dojú dé, ó sì lé ní èèyàn mẹ́wàá tó bá a lọ. Ilé ni wọ́n ń lọ, wọn ò débẹ̀.

Nítorí náà, awakọ̀ tó bá ní kẹ́ ẹ fún ara yín pọ̀ kí owó lè wálẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó máa kárí gbogbo yín, tọmọdé tàgbà, ẹ má wọ tiẹ̀, kódà kó lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kẹ́ ẹ lè ti sọdá padà kílẹ̀ tó ṣú. Owó ọkọ̀ ṣe é ná, ẹ̀mí ò ṣe é ná.