Eré Wo Ni Ká Náwó Lé? Àríyànjiyàn Kan ní Agége

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù tí a ń wò parí nínú ilé ìwòran kan nítòsí Pen Cinema ní Agége, kò sí ẹni tó dìde láti lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti Arsenal àti Chelsea. Àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí à ń gbé láàárín Ìkẹjà àti Agége ti dá owó jọ fún ẹ̀ka eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀gá ẹ̀ka náà sì ti ránṣẹ́ pé kí á sọ eré tí a fẹ́ kí òun fi owó náà ṣe. Owó ọ̀hún kò pọ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kò ní ṣe ohun gidi kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ike ní òpópónà Ọba Akran ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Bọ́ọ̀lù ni. Kí la tún ń jiyàn lé lórí? Ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ láti lọ wo àwọn tó ń ju háńdìbọ́ọ̀lù?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé háńdìbọ́ọ̀lù ni mo gbá nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́.

Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkẹjà ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé nítorí àwọn tó ń wòran ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ní ẹ̀ka eré ìdárayá ni, àbí nítorí àwọn tó ń ṣe eré náà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wálé lálẹ́ ọjọ́ náà, òun náà ni mo sì gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí á má tan ara wa jẹ, ẹ̀gbọ́n yẹn ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti dé pápá ìṣeré Agége ní ọjọ́ tí ìdíje ńlá wà níbẹ̀ yóò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lè ṣe fún àdúgbò. Pápá yìí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù MFM fi ṣe ilé títí wọ́n fi gbé ipò kejì nínú líìgì orílẹ̀-èdè wa lọ́dún 2017, tí wọ́n sì ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje àwọn akọni Áfíríkà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Pápá yìí kan náà ni wọ́n ti gbá àṣekágbá líìgì bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní HiFL, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n gbé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní orúkọ bí ẹgbẹ́ àgbà: UNILAG Marines, OAU Giants, UI Pioneers. Kò sí eré mìíràn tó lè fa èrò bẹ́ẹ̀ wá sí Agége lọ́jọ́ Sátidé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ òun mọ ibi tí yóò náwó sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí owó bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Pápá ni àkọ́kọ́. Ní àgbègbè wa yìí, ilé-iṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé gbígbé ti gba ilẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọkùnrin fi ń dí títì lọ́jọ́ Àìkú láti gbá mọ́ńkì pósìtì láàárín òkúta mẹ́rin. Ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè gbáradì lórí títì, nítorí náà wọn yóò háyà pápá. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì, aṣọ, bàtà, rẹfirí, oúnjẹ. Èèyàn mọ́kànlá ni yóò wọ pápá, bí àwọn díẹ̀ yóò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè wọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkùnrin ni gbogbo wọn. Tábìlì tẹ́nìsì kan ṣoṣo, tí wọ́n bá gbé e sí abẹ́ òrùlé, lè gba ogún akẹ́kọ̀ọ́ lóòjọ́, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tó ga àti ẹni tó kúrú.

Èkó mọ eré orí tábìlì yìí dáadáa. Láti ọdún 1968 ni olóògbé Olóyè Mọládé Okoya-Thomas ti ń gbé ìdíje Aṣojú Ọba dúró. Kò dá ẹgbẹ́ tí ń kó èrò wá sí pápá sílẹ̀. Ìdíje ni ó ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ọmọ kékeré lè wọlé láti àdúgbò. Nínú ìlú tó ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni Fúnkẹ́ Oshonaike ti jáde, obìnrin tó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì nígbà méje, láti Atlanta lọ́dún 1996 títí dé Tokyo. Kò sí obìnrin agbá-tẹ́nìsì-orí-tábìlì kankan lágbàáyé tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ilé ìwòran lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá wọ́n ti jókòó wo obìnrin yìí rí. Mo béèrè. Ẹni méjì ló nawọ́ sókè, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣe àwàdà.

Ìtàn tó sún mọ́ ọkàn mi jù ni ti Hakeem Ọlájuwọ́n. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers College, kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbá. Ó ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ó sì ń gbá háńdìbọ́ọ̀lù, eré tí ẹ̀gbọ́n wa ní kò sí ẹni tó fẹ́ san owó ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Ó ti tó bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 1980 ó ti wà ní Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ líìgì NBA, Michael Jordan sì wà nínú àwọn tí wọ́n mú lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba ife líìgì náà lọ́dún 1994, ó tún gbà á lọ́dún 1995. Nígbà tí wọ́n bá ń bi í níbi tó ti kọ́ bí ó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tan àwọn ọ̀tá rẹ̀ jẹ, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti háńdìbọ́ọ̀lù ni ó máa ń dárúkọ.

Ẹ rò ó wò ná. Ká ní ọ̀gá kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ti sọ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni èrò fẹ́ wò, pé kí wọ́n dá owó háńdìbọ́ọ̀lù dúró ńkọ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ náà ń ja irú ìjà tiwa yìí, owó wọn ló kàn pọ̀ ju tiwa lọ. Yunifásítì tó bá fẹ́ wà ní ìpele tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, gbọ́dọ̀ ní eré 16 ó kéré tán. Bọ́ọ̀lù yẹn àti básíkẹ́ẹ̀tì ni ó sábà máa ń mú owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ti tẹlifíṣọ̀n wọlé. Àwọn eré yòókù ń jẹ nínú rẹ̀. Òfin tún wà láti ọdún 1972, Title IX, tí kò jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ yọ obìnrin sẹ́yìn, nítorí náà wọn kò lè kó gbogbo owó lé ọkùnrin lórí.

Síbẹ̀, nígbà tí owó bá há, eré kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fojú sí. Ní oṣù Keje ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, Yunifásítì Stanford kéde pé òun yóò pa eré 11 tì nínú 36 tí òun ní. Ìjàkadì wà nínú wọn, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àwọn ọkùnrin wà nínú wọn, ìtukọ̀ wà nínú wọn. Àwọn eléré náà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fárígá, wọ́n dá owó jọ, wọ́n gba agbẹjọ́rò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ilé-ẹ̀kọ́ náà yí ìpinnu rẹ̀ padà. Lọ́dún 2025 ni ilé ẹjọ́ wá fọwọ́ sí àdéhùn tó fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là lé díẹ̀ fún àwọn eléré rẹ̀ láàárín ọdún kan. Owó iṣẹ́ wọn ni, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni owó eré kékeré ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ wọn kàn wá, nítorí ọmọ wa wà níbẹ̀. Tóbi Àmúsan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Yunifásítì Texas ní El Paso ló lọ. Ibẹ̀ ló ti gba ipò kìn-ín-ní láàárín gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, nínú eré 100 mítà tí wọ́n fi ń fo igi. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sá a kíá bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ọlápàdé Adéníkẹ̀ẹ́ ti gba ilé-ẹ̀kọ́ kan náà kọjá ṣáájú rẹ̀, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba fàdákà ní Barcelona lọ́dún 1992. Eré sísá kì í ṣe ohun tí àwọn ará El Paso ń dá sí wẹ́wẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì láti wò. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kàn ń náwó lé e ni.

Ẹ̀gbọ́n wa lè sọ pé èrò ni ààbò eré, pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn kì í kú. Èmi kò gbà. Ẹ wo Stationery Stores ti Israel Adebajo. Ẹgbẹ́ wo ló ní èrò tó tó tiwọn ní Èkó? Wọ́n gba ife Challenge Cup lọ́dún 1967, 1968, 1982 àti 1990, wọ́n gba líìgì lọ́dún 1992. Ẹ wo Abiola Babes tí M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, tí wọ́n gba ife kan náà lọ́dún 1985 àti 1987, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Concord rẹ̀ ń ró tọ̀sán-tòru ní Ìkẹjà níbí. Èyí tó ṣẹ́ kù lónìí ni ìtàn tí àwọn bàbá wa ń sọ nídìí ọtí.

Mo ní háńdìbọ́ọ̀lù ni mo gbá. Ní ọdún tí a fẹ́ lọ sí ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ wa ti wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. A ti ń ji ní agogo márùn-ún àárọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n yọ ìwé náà, wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn. Àyè inú bọ́ọ̀sì kò tó, wọ́n ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ni yóò lọ. Kò sẹ́ni tó fárígá nítorí wa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé a wà. Nínú wa ni ọmọbìnrin kan wà tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù; aṣọ́nà ni bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbà. Ó ti gbọ́ pé àjọ Civil Defence ní ẹgbẹ́ háńdìbọ́ọ̀lù ti àwọn obìnrin, pé ẹni tí wọ́n bá rí ní ìdíje lè rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i. Àwọn ọkùnrin wa pàdánù ìdíje wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì padà wálé lọ́jọ́ kẹta.

N kò sọ ìtàn yìí nínú ilé ìwòran. Ojú tì mí. Nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ tirẹ̀, ohun tó sọ kò sì ju pé òun máa ń ju irin nígbà kan, pé irin kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ ní, tí gbogbo wọn ń tò fún.

A dìbò. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló wọlé, ìyàtọ̀ ìbò náà kò sì kéré. Nọ́ọ̀sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìdajì owó náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n sì gbà, bóyá nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, kálukú ń wá ọkọ̀ Ìyànà-Ìpájà.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọba Akran ni. Wọ́n ní ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ti fèsì, pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin. Pé àwọn ọmọbìnrin kan wà ṣá tó ń gbá háńdìbọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìkàwé, wọn kò ní bọ́ọ̀lù tó dáa.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àbúrò," ni wọ́n wí, "èló ni wọ́n ń ta háńdìbọ́ọ̀lù?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ béèrè ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ Sátidé.