ỌMỌ ÒRUKÀN ÀTI ÈRÒ "MO KÉRÉ SÍ ẸGBẸ́"



Ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ òrukàn yóò ti rí irú ọmọ méjì. Ọ̀kan dákẹ́, kì í béèrè ohun tí kò yé e. Èkejì ń jà, ó sì ń fọ́nnu. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá sọ pé nǹkan kan náà ló lè wà nídìí méjèèjì: ọmọ náà gbà lọ́kàn pé òun rẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ òun.

Dókítà Alfred Adler, ará ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní 1870, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Àìsàn egungun ṣe òun náà ní kékeré. Ó ní gbogbo ọmọ ló ń mọ̀ pé òun kéré níwájú àgbà; èyí kì í ṣe àrùn, òun ló ń ti ọmọ láti kọ́ ìrìn àti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè di ẹrù fún ọmọ mẹ́ta: ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹni tí a pa tì, àti ẹni tí a kẹ́ jù. Oògùn rẹ̀ ni kí ọmọ mọ̀ pé òun jẹ́ ara àwọn èèyàn kan, àti pé òun wúlò fún wọn.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan kọ́ nìyí. Láti 1954 ní Arò, Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí wọn kan. Bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá àwọn èèyàn gbé, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Àpẹẹrẹ tó ga jù wà lọ́dọ̀ Ànábì Muhammad (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a), tí bàbá rẹ̀ kú kí a tó bí i, tí ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6. Ìtàn sọ pé wọ́n a máa tẹ́ ẹní fún bàbá rẹ̀ àgbà, Abdul-Muttalib, ní òjìji Kaaba. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jókòó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ọmọ òrukàn yìí sílẹ̀ kó jókòó. Àyè yẹn kò ná an ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ìrẹsì àti owó ilé-ìwé nìkan kò tó:

1. Kí a má ṣe to àwọn ọmọ síwájú èrò nígbà tí a bá ń pín nǹkan. Ẹ̀bùn tó dójú ti ọmọ ń gba ohun tó ju ìrẹsì lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

2. Bí a bá ń rán àwọn ọmọ wa lọ sí ọjà Ìpàta, kí a rán òun náà. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí a yìn ín. Bí ó bá ṣẹ̀, kí a bá a wí bíi ti wọn.

3. Kí a fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é, bí Súratul-Ahzaab ti pa á láṣẹ, kí a sì máa sọ ìtàn rere bàbá náà fún un.

Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ gbogbo wa. Àmín.