Coppola ná mílíọ̀nù 120 dọ́là sórí fíìmù kan, mílíọ̀nù 14 péré ló wọlé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ Francis Ford Coppola mu, àgbà olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ṣe ‘The Godfather’ lọ́dún 1972. Ẹni ọdún 85 ni bàbá náà nígbà tó gbé ‘Megalopolis’ jáde lọ́dún 2024, fíìmù tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá kò fẹ́ náwó lé e, Coppola yíjú sí òwò wáìnì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá nǹkan bíi mílíọ̀nù 120 dọ́là, tó sì kó gbogbo rẹ̀ lé fíìmù náà.

Ìlú New York ló sọ di Róòmù Tuntun. Cesar, ayàwòrán ilé tí Adam Driver ṣe, fẹ́ wó ìlú náà palẹ̀ kó lè tún un kọ́. Cicero, olórí ìlú, ní ìṣòro tó ń bá aráàlú fínra lónìí ni kí àwọn kọ́kọ́ gbọ́. Julia, ọmọ Cicero, sì lọ kó sínú ìfẹ́ Cesar.

Títí débẹ̀, ìtàn náà yé èèyàn. Àmọ́ Cesar tún lágbára láti dá àkókò dúró. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ inú eré Shakespeare láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í hàn ní Cannes lóṣù karùn-ún ọdún 2024, ọkùnrin kan dìde níwájú aṣọ sinimá, ó bi Cesar ní ìbéèrè, Cesar sì dá a lóhùn látinú fíìmù!

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún ìgboyà bàbá. Àwọn mìíràn ní ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lára yá. Ẹ wò ó, nígbà ‘The Godfather’, ilé-iṣẹ́ Paramount kò kọ́kọ́ fẹ́ Marlon Brando àti Al Pacino. Coppola ní láti jà fún wọn, ìjà yẹn kò sì ba fíìmù náà jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló lowó, òun ló láṣẹ. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé, ‘Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́’?

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ó fi dúkìá rẹ̀ wéwu lórí ‘Apocalypse Now’ lọ́dún 1979, ó mú un jẹ. Ó tún gbìyànjú ẹ̀ lórí ‘One from the Heart’ lọ́dún 1982, gbèsè ló bá bọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi san án. Ní ti ‘Megalopolis’, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 dọ́là ló pa káàkiri àgbáyé.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ni Coppola ná, kò jí ti ẹnìkan. Eleanor, ìyàwó rẹ̀, kú lóṣù kẹrin ọdún 2024, ó ku bí oṣù kan kí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Cannes. Orúkọ obìnrin náà ni bàbá fi sọrí rẹ̀.