Kí Ló Ń Mú Ọkọ̀ Gbọ̀n?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo máa ń kọ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kò yí, fáwẹ́ẹ̀lì kò yí. Ohùn orí sílébù kejì nìkan ló yí. Nígbà tí nǹkan kan ṣoṣo bá yí, tí ìtumọ̀ sì yí, a mọ ohun tó fà á. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn á padà wúlò fún mi lábẹ́ ọkọ̀, ní Ìdànrè níbí, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Land Rover àtijọ́ ni ọkọ̀ mi, irú Series III tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985. Òun ló ń gbé mi lọ sóko kòkó. Lásìkò òjò tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá ti sáré dé 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Fókánáísà ní táyà ni. Mo ra táyà méjì, ó ṣì ń gbọ̀n. Mẹ́káníìkì kan ní ẹ́ńjìnnì sítìn ni. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń gbọ̀n. Owó ń lọ, àìsàn ò lọ.

Mo wá jókòó, mo ro ó. “Ó ń gbọ̀n” jẹ́ gbólóhùn kan, àmọ́ àìsàn tó lè túmọ̀ sí pọ̀. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀.

Èkíní: ṣé eré ọkọ̀ ni gbígbọ̀n náà ń tẹ̀ lé, àbí eré ẹ́ńjìnnì? Lójú títì tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ mìíràn ò sí, mo sáré dé 60, mo fi gíà sí fírì, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ. (Ẹ má dán èyí wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè o!) Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, gbígbọ̀n ò rọlẹ̀. Ọrùn ẹ́ńjìnnì mọ́.

Èkejì: ibo ló ti ń gbọ̀n, báwo ló sì ṣe yára tó? Táyà iwájú tí kò dọ́gba sábà máa ń mi sítíárìn: gbì, gbì, gbì. Tèmi ń ti abẹ́ ìjókòó wá, gbìrìrìrì ló sì ń dún. Pùròpẹ́là ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti ìdí gíà lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú Land Rover yìí, ó máa ń yí ìgbà 4.7 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń yí kíákíá ló ń gbọ̀n kíákíá.

Ẹ̀kẹta: ṣé pùròpẹ́là iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn? A tú ti iwájú sílẹ̀, mo sì wa ọkọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo la yí. Gbígbọ̀n ò yí padà. Ẹ̀yìn ni ọ̀daràn wà.

A fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, mo fọwọ́ yí pùròpẹ́là sọ́tùn-ún sósì. Kùróòsì, oríkèé tó wà lẹ́nu rẹ̀, ń mì, ìpẹtà pupa sì yí i ká: gíríìsì ti tán. A pààrọ̀ kùróòsì méjèèjì. Ẹ gbà mí o, ó tún wá burú sí i!

Ìdí rèé. Kùróòsì tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìtẹ̀ kì í yí dọ́gba. Irin tó ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ á yára, á falẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Robert Hooke, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa irú oríkèé yìí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kùróòsì kejì ló ń tún ohun tí èkíní bà jẹ́ ṣe, bí àmúga méjèèjì tó di kùróòsì mú lára pùròpẹ́là bá kọjú síbì kan náà. Mẹ́káníìkì ti fa pùròpẹ́là yọ níbi eléyín tó ti wọnú ara rẹ̀, kò fi ẹfun sàmì, kò sì dá a padà síbi tó wà. A tún un fà yọ, a to àmúga méjèèjì bára mu. Gbígbọ̀n tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìnira ìdí lọ. Nínú Land Rover yìí, hándì-bíréèkì kì í di táyà mú tààrà; ẹ̀yìn gíà ló wà, pùròpẹ́là ẹ̀yìn ló ń dì mú. Bí kùróòsì bá já, tí pùròpẹ́là bọ́ sílẹ̀, ẹ fà á títí, ọkọ̀ ò ní dúró, àyàfi tí ẹ bá ti so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ọn. Gíà tí ẹ fi sílẹ̀ pàápàá ò lè dì í mú. Àwọn baba wa tó gbé Òkè Ìdànrè fẹsẹ̀ gun àpáta. Àwa tó ti sọ̀kalẹ̀ ń fi ọkọ̀ gun ọ̀nà oko. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àtúnṣe yẹn, mo gbé ọkọ̀ náà dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ká ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ń sùn nínú rẹ̀. Hándì-bíréèkì nìkan ni mo fà.

Nísinsìnyí, òkúta kì í wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ẹ̀yin náà, bí ọkọ̀ yín bá ń gbọ̀n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè, kí ẹ máa yí nǹkan kọ̀ọ̀kan wò. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú pùròpẹ́là, ẹ mú ẹfun dání.