Ṣé o mọ̀? Irin ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n àti irin ojú ọ̀run, ilà kan náà ló kọ

Bu erùpẹ̀ pupa lọ́nà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Irin ló sọ ọ́ di pupa. Tí o bá fi X-ray lù ú, irin náà yóò tan X-ray tirẹ̀ padà, agbára rẹ̀ á sì jẹ́ 6.4 keV. Bí ilà ojú ni, tó ń sọ ilé tí èèyàn ti wá. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ń mọ tantalum àti tánńganran inú òkúta Ìjerò. Ṣùgbọ́n lithium tí gbogbo ayé ń lé kiri ń sá fún ẹ̀rọ alágbèéká tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí: X-ray tirẹ̀ ti rọ jù.

Ní 1995, àwọn onímọ̀ tó ń lo ASCA, sátẹ́láìtì àwọn ará Jàpáánì, kéde pé àwọn rí ilà irin ní àárín MCG–6-30-15, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ilà náà ti fẹ̀, ó ti wọ́ wá sísàlẹ̀ 6.4. Gáàsì tó ń yí ihò dúdú (black hole) tó wà ní àárín ibẹ̀ po ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà ihò náà sì ń fa agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Má wulẹ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ wò ó o. Afẹ́fẹ́ ayé ń gbé X-ray ọ̀run mì kó tó balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ lọ sókè.