Yìgì, Owó-orí àti Sàdáákì: Àlàyé lórí Ìgbéyàwó Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá

Ìfáárà
Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó mọ̀ nípa àṣà ìgbéyàwó, kì í ṣòro fún un láti to ìfojúsóde, ìṣíhùn, ìtọrọ àti ìdána lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ti àwọn Mùsùlùmí, ẹ óò rí i kà pé, ‘Wọ́n so yìgì, ọkọ sì san sàdáákì, èyí tí í ṣe owó-orí.’ Apá kejì gbólóhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀tọ́ ìyàwó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àṣà tí ó ṣáájú yìgì
Yorùbá ni Mùsùlùmí ilẹ̀ wa kí ó tó gba ẹ̀sìn. Nítorí náà, àwọn ẹbí ṣì ń tọrọ ìyàwó, wọ́n sì ń dána. Obì, oyin, iyọ̀ àti aṣọ ṣì ń bẹ nínú ẹrù ìdána, àwọn obìnrin a sì máa kọ orin wákà. Àṣà ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bí a bá ṣe wọ́n láìso yìgì, ìgbéyàwó kò tíì sí lójú ẹ̀sìn.

Yìgì
Mọ́síhábù Málíkì ni ọ̀pọ̀ àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé láti ayébáyé. Nǹkan mẹ́rin ni yìgì dúró lé lórí:
(i) alágbàtọ́ ìyàwó, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ bàbá rẹ̀, tí yóò fi í fún ọkọ;
(ii) ọ̀rọ̀ fífi-fúnni àti gbígbà, tí a sọ jáde kedere;
(iii) sàdáákì;
(iv) ẹlẹ́rìí méjì.
Lẹ́yìn èyí ni àlùfáà yóò ṣe wáàsí, tí wọn yóò sì ṣe àdúà.

Sàdáákì yàtọ̀ sí owó-orí
Ẹbí ìyàwó ni ó ni owó-orí. Bí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bá tú, kóòtù lè ní kí wọ́n dá a padà fún ọkọ. Ìyàwó gan-an ni ó ni sàdáákì. Kùránì, orí 4, ẹsẹ 4, pàṣẹ pé obìnrin ni kí a fún. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́, ó lè yọ nínú rẹ̀ fún ọkọ. Ọkọ tí ó kọ aya lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ara wọn kò gbọdọ̀ gbà á padà (orí 4, ẹsẹ 20). Bí wọn kò bá tíì mọ ara wọn, tí wọ́n sì ti dá iye rẹ̀, ìdajì ni ti obìnrin (orí 2, ẹsẹ 237). Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lè dá nǹkan padà fún ọkọ (orí 2, ẹsẹ 229). Bàbá tí ó bá gba sàdáákì tí ó sì ná an sórí àsè, ohun ọlóhun ni ó ná.

Wòlímọ̀
Ọ̀rọ̀ yìí náà gba àkíyèsí. Nínú èdè Lárúbáwá, àsè ìgbéyàwó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, ayẹyẹ ìparí Kùránì ni. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ní Ìlọrin àti ní ìlú mìíràn, àsìkò ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka Kùránì lójú àwọn àlùfáà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ṣe é kí wọ́n tó bàlágà.

Ìkádìí
A rọ àwọn olùkọ́ láti kọ owó-orí àti sàdáákì sí ojú pátákó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, ‘Ta ni ó ni ín?’ Kí ẹ̀yin olùyẹ̀wò ìwé ìdánwò má ṣe fún ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀kan náà ní máàkì lórí kókó yẹn. Ẹni tí ó bá sì ya àṣà Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára òfin ẹ̀sìn, ó yẹ kí ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ ní kíkún, ìbáà má tilẹ̀ mẹ́nu ba wákà tàbí wòlímọ̀.